Mo Kó Àwọn Àgbà Lọ Wo Ọkọ Mi Lójú Irin

Mo ti ka ìtàn oríṣiríṣi obìnrin nínú ìwé yìí: ẹni tó lé ìyá ọkọ jáde, ẹni tó gba ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀ tó bá àlè lọ. Tèmi ò jọ tiwọn. Mi ò jalè, mi ò ṣe àgbèrè. Mo kàn dá ọkọ mi lẹ́jọ́ lójú gbogbo ènìyàn ni, mo sì rò pé mo jàre. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu Sarat ọ̀rẹ́ mi, torí Sarat a máa fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Raliat lorúkọ mi. Ọmọ Ìlọrin ni wá, ṣùgbọ́n Sabon Gari ní Zaria ni wọ́n bí èmi àti Hámzàt ọkọ mi sí. Aránṣọ ni. Agbádá ńlá tí àwọn Hausa ń pè ní babanriga ló ń rán, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n rán tó o ní àdúgbò wa. Ọkùnrin tó lẹ́rìn-ín lẹ́nu ni. Bó bá bú sẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹni tó ń ta ẹ̀pà lódìkejì títì á bá a rín in láìmọ ohun tí wọ́n sọ. Nítorí ẹ̀rín yẹn ni mo ṣe fẹ́ ẹ.

Ní ọdún 1979, mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń hun súẹ́tà lọ́wọ́ ìyàwó òyìnbó kan tó fẹ́ padà sílé. Ẹni tó bá ti lo ìgbà ọyẹ́ ní Zaria mọ̀ pé súẹ́tà kì í ṣe fàájì níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi. Sarat ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ta òwú àti bọ́tìnì ní Tudun Wada, sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀bù kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun.

"Tudun Wada jìnnà," ọkọ mi wí. "Ta ni yóò máa wà nílé?"

"Ilé ò ní sá lọ, Bàbá Túnráyọ̀." Túnráyọ̀ ni ọmọ wa kan ṣoṣo, ó ti wà nílé ọkọ ní Jos nígbà náà.

"Mi ò fẹ́ ẹ, Raliat."

A fà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo borí, bí mo ṣe máa ń borí, mo sì gba ṣọ́ọ̀bù náà. Oṣù kejì rẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi rò ó.

Bó bá jókòó lásán tó gbé ọwọ́ lé itan, àtàǹpàkò rẹ̀ á máa yí lára ìka kejì bí ẹni tó ń ka tẹ̀súbáà. Bó bá sì mú abẹ́rẹ́, ọwọ́ á dákẹ́. Mo wò ó títí. Àìsàn tí mo mọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn ṣiṣẹ́. Èyí tó ń dé nígbà ìsinmi, tó ń lọ bí iṣẹ́ bá dé, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni bọ́tìnì dé. Bí mo bá ti gbé báàgì láàárọ̀, á ní, "Raliat, bá mi di bọ́tìnì ọrùn yìí." Aránṣọ tó ti ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ láti ogún ọdún! Bí mo bá di ti ọrùn tán, á ku ti ọwọ́. Bí mo bá di ti ọwọ́ tán, á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, gìgísẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní jáde, kò sì ní wọlé. Èmi náà ò ní ríbi gbà. Kí n tó dé Tudun Wada, oníbàárà ti lọ. Ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti ní kí n hun ọgọ́rùn-ún súẹ́tà dúró dè mí títí, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún ará Kaduna.

Èyí tó dùn mí jù ni ojú rẹ̀. Hámzàt ò rẹ́rìn-ín mọ́. Màá dá àpárá, á kàn máa wò mí ni. Bí ènìyàn bá kí i, ìdáhùn á pẹ́, ohùn á sì lọ sílẹ̀ débi pé wọ́n á ní kó tún un sọ. Àwọn oníbàárà ní ó ti gbéraga. Kódà ìwé tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí, nọ́ńbà àkọ́kọ́ á tóbi, àwọn yòókù á máa kéré lọ títí ojú mi ò fi ní rí ìkẹyìn mọ́.

"Ó ń díbọ́n ni," Sarat wí.

"Ọkọ mi kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀."

"Tèmi náà kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa ná ọjà Kano, inú ló ní ó ń run òun, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dùbúlẹ̀. Ọjọ́ tí mo ní mi ò lọ mọ́, ìyẹn jẹ tùwó abọ́ méjì, ó sì bèèrè ẹ̀kẹta."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, ó jókòó síbẹ̀.

Ẹni tó wá fẹ́ná sí i ni Yàkúbù. Yàkúbù ni òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ń fi àsíá dá mọ́tò dúró níbi tí títì ti dábùú ojú irin. Sabon Gari ló dàgbà sí, ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa mìíràn lọ. Ó wá gba aṣọ tó fún ọkọ mi rán, èmi nìkan ló bá nílé.

"Sannu, Màmá Túnráyọ̀," ó wí. "Malam Hamza yìí, yana da ƙarfi, wallahi. Ó lágbára."

"Malam Hamza wo?"

"Ọkọ yín. Lójoojúmọ́, kí ìrun Alásárì tó tó, ó ń rìn lójú irin. Fan, fan, fan, bíi sójà. Mo ní kó kúrò, ó ní kí n fi òun sílẹ̀, òun mọ àsìkò ọkọ̀."

Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. Ó fi Ọlọ́run búra.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ fara pamọ́ sẹ́yìn igi dongoyárò kan nítòsí ibẹ̀. Ọkọ mi dé. Lórí iyanrìn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bíi ti ilé. Ṣùgbọ́n bó ṣe gun ojú irin báyìí, ó wo àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò ní ìdábùú sábẹ́ réèlì, ó gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀kan, ó gbé e lé èkejì, ó sì gbéra. Ó ń fò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà, apá rẹ̀ ń jù. Ó lọ jìnnà, ó yí, ó tún padà.

Màá jẹ́wọ́ fún yín: inú ò kọ́kọ́ bí mi. Inú mi dùn. Mo ti jàre. Adùn tó wà nínú kéèyàn jàre ọkọ ẹ̀ kò kéré, ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí n bi í lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: "Bàbá Túnráyọ̀, kí lẹ lọ ń ṣe lójú irin?" Ọ̀rọ̀ náà dé eyín mi, mo gbé e mì. Mo fẹ́ kí n ká a mọ́, kí n má kàn sọ ọ́ lásán. Nígbà tó ní kí n bá òun bu omi, mo ní ọwọ́ mi dí, mo wá ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó bó ṣe ń bá àga jìjàkadì kó tó lè dìde. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ọkùnrin yìí mọ eré í ṣe.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo ṣe èyí tí ojú ń tì mí jù. Ó ti wọ aṣọ funfun, ó ti ṣe àlùwàlá, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì mi.

"Raliat, fún mi lọ́wọ́."

"Ẹ máa bọ̀ bí ìrìn bá wù yín," ni mo wí. Mo gba abẹ́ apá rẹ̀ jáde, mo wọ takisí, mo lọ sí Tudun Wada. Mo hun súẹ́tà lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, ó jókòó sílẹ̀ níbi ẹnu ọ̀nà náà gan-an, nínú aṣọ funfun.

"Ṣé ìrun Jímọ̀ dùn?" mo bi í.

"Mi ò dé ibẹ̀." Kò bínú, tàbí kí n sọ pé mi ò rí ìbínú lójú rẹ̀, torí ojú náà ò sọ nǹkan kan. Mo ré e kọjá, mo lọ gbé ìkòkò kaná. Mo ṣì ń rí i lẹ́nu ọ̀nà yẹn nínú ọkàn mi títí di òní, mo sì mọ̀ pé Ọlọ́run kọ ohun tí mo ṣe sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá Alhaji Abdulganiyu, olórí àwa ọmọ Ìlọrin ní Sabon Gari. Arúgbó tó mọ̀wé kéwú ni, tó sì fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan lọ bó ṣe yẹ. Mo kúnlẹ̀, mo rojọ́, mo ní ọkọ mi ń ṣàìsàn irọ́ kí n lè ti ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ṣé ó dá ọ lójú, Raliat?"

"Bí mo ṣe rí yín yìí ni mo ṣe rí i."

"Jẹ́ kí a pè é, kí a bi í."

Ẹ rí i bí Ọlọ́run ṣe tún ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Mo fọwọ́ ara mi tì í. "Bí ẹ bá bi í, á sẹ́, Bàbá. Ẹ bá mi lọ fojú rí i."

Báyìí ni a ṣe tò lọ ní ọjọ́rú: Alhaji Abdulganiyu pẹ̀lú agboòrùn rẹ̀, àwọn àgbà mẹ́ta mìíràn, èmi, àti Sarat, tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Kí ọkọ mi má baà fura sí wa, àwọn àgbà ní kí a ra ìrèké, kí a máa jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn. Alhaji ò léyín méjì tó pàdé. Ó di ìrèké tirẹ̀ mú bí ọ̀pá.

Hámzàt dé. Ó wọ́ ẹsẹ̀ kọjá iyanrìn, ó gun ojú irin, ó sì gbéra. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní, "Subhanallahi." Sarat fi ìgúnpá gún mi. Mo bọ́ síta.

"Ẹ wò ó," ni mo ké. "Ẹ wo aláìsàn mi. Ẹ wo ẹni tí kò lè dé mọ́ṣáláṣí."

Ọkọ mi gbójú sókè. Ó rí mi, ó rí Alhaji, ó rí ìrèké. Ó fẹ́ yí kó bọ́ sílẹ̀ kúrò lójú irin, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìgbà yẹn la gbọ́ fèrè. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi ń so àwọn wágùnù tó ń kó òwú pọ̀ ní tésàn ń fẹ̀yìn bọ̀, kò yára, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Yàkúbù yọ àsíá pupa, ó ń sáré, ó ń fì í. "Malam Hamza, sauka! Bọ́ sílẹ̀!" Gbogbo àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Bí ariwo ṣe ń pọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n sí i lójú kan.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ kò yí padà, bíi ti gbogbo ọdún yẹn, ṣùgbọ́n omi ń dà láti inú rẹ̀. "Raliat," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ, "ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀. N kò mọ ohun tí ó jẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe eré. Mo sáré gun ojú irin lọ bá a, mo fà á lápá, ó wúwo bí ẹni tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Mo tún fà á, mo kọsẹ̀ lára irin, mo ṣubú, ẹsẹ̀ mi kan sì nà gbọọrọ síwájú rẹ̀.

Hámzàt wo ẹsẹ̀ mi. Ó gbé tirẹ̀ sókè, ó gbé e rékọjá, ó gbé èkejì, ó sì bọ́ sórí iyanrìn nírọ̀rùn bí ẹni tó ń jáde ní bàlùwẹ̀. Mo yí tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ náà ti dúró níbi tó tó òpó iná méjì sí wa, awakọ̀ yọrí síta, ó ń bú ìyá gbogbo wa ní èdè mẹ́ta.

Àríyànjiyàn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wa.

"Ó ré e kọjá," ni Alhaji wí.

"Bàbá, Ọlọ́run ló yọ wá," Sarat wí.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ré ìyàwó rẹ̀ kọjá nílẹ̀. A kì í ré ènìyàn kọjá ká má ré e padà. Hámzàt, padà. Raliat, sùn bí o ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ̀ pé àwọn ìyá wa ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Mo padà lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, mo na ẹsẹ̀. Ọkọ mi wò ó, ó ré e padà, pẹ́rẹ́. Ọkàn Alhaji balẹ̀. Àfi bí a ṣe rí i pé Hámzàt ti padà sórí ojú irin, ó tún ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, awakọ̀ sì tún ti ń fọn fèrè.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Mo fi ojú ara mi wo ẹsẹ̀ ọkọ mi, mo rọra na tèmi síwájú rẹ̀, ó sì gbé e, ó ré mi kọjá, ó bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," Sarat yára wí, "ẹ má ní kó tún un ṣe mọ́."

Bí a ṣe mọ̀ nìyẹn pé ẹsẹ̀ Hámzàt ò kú, pé ó ń dúró de ohun tí yóò fò ni. Bí kì í bá ṣe ti àṣà àwọn baba wa, à bá ti pè é ní èèṣì, ká gbé e relé, ká má mọ nǹkan kan.

Àwa mẹ́ta la lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Tudun Wada: èmi, ọkọ mi, àti Alhaji, tó ní òun ò ní fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láàbọ̀. Dókítà Ọlábánjí ló gbà wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìkirun tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Ó jẹ́ kí ọkọ mi rìn. Ó yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kó kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, orúkọ náà sì ń kéré lọ. Nígbà tí mo sọ ti ojú irin, ó gbé kálàmù sílẹ̀, ó ní kí n tún un sọ.

"Bàbá Hámzàt ò díbọ́n, Màámi," ó wí. "Àìsàn kan ni, Pákínsìn lorúkọ rẹ̀. Ibì kékeré kan wà nínú ọpọlọ tó ń pèsè oje kan. Oje yẹn ló ń jẹ́ kí ara ṣe àwọn ohun tí a kì í ronú kí a tó ṣe: ká ju apá bí a bá ń rìn, ká ṣẹ́jú, ká di bọ́tìnì, ká gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Tiwọn ti ń gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀."

"Kí ló dé tí ọwọ́ fi ń dákẹ́ bí wọ́n bá ń ránṣọ?"

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìgbà ìsinmi ló ń gbọ̀n jù."

"Àti ojú irin?"

"Bí ìrìn bá di ohun tí ojú ń rí, tí ọkàn sì ń kà, ó máa ń gba ọ̀nà mìíràn nínú ọpọlọ. Irin ìdábùú yẹn, tàbí ẹsẹ̀ yín, ojú rí i, ojú sì sọ fún ẹsẹ̀."

Alhaji gún ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ta ló fi ṣe é?"

"Kò sẹ́ni tó fi ṣe é, Alhaji. Kì í ranni, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni."

"Ṣé á lọ?" mo bèèrè.

"Kò ní lọ. Á máa pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í yára. Oògùn oníhóró wà tí yóò mú un fúyẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ṣì wà níwájú yín."

Mo sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rántí ohun tó ń dun èmi fúnra mi. "Dókítà, ẹ̀rín rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà ti gbẹ?"

"Rárá o. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú. Ojú ni kò jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an."

Mo yí sí ọkọ mi. "Gbogbo àpárá tí mo ti ń dá láti ọdún tó kọjá?"

"Mo rín gbogbo rẹ̀," Hámzàt wí. Ó sinmi, ó wá gbé ìyókù jáde. "Àyàfi ti ewúrẹ́ Sarat. Ìyẹn ò pa mí lẹ́rìn-ín."

Alhaji Abdulganiyu rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́, nọ́ọ̀sì sì ní ká rọra.

Inú takisí ni mo ti bi í ìdí tí kò fi sọ fún mi.

"Mo ti ní kí o má gba ṣọ́ọ̀bù náà," ó wí. "O gbà á, o sì ṣe é dáadáa. Bí mo bá sọ pé ara mi ò yá, ṣé wàá tún lọ?"

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní mi ò ní lọ.

"Ọjọ́ kan ni mo fẹ́ gba ojú irin kọjá lọ ra òwú, mo rí i pé ẹsẹ̀ mi gbéra fúnra rẹ̀. Mo wá ń lọ síbẹ̀ láti kọ́ ìrìn. Mo fẹ́ máa kọ́ ìrìn títí màá fi lè rìn dé Tudun Wada láìjẹ́ pé ẹnì kan dì mí mú. Mo fẹ́ wá bá ọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí n sọ pé ìwọ lo jàre."

Ẹ wá wo ọ̀ràn. Ẹni tí mo ní ó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù mi ló ń kọ́ ìrìn lórí irin gbígbóná nítorí ṣọ́ọ̀bù náà. Mo gbé orí mi lé èjìká rẹ̀, awakọ̀ ń wò wá nínú díńgí, mi ò bìkítà.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Oògùn ń ṣiṣẹ́. Ìgbà mìíràn wà tí kì í sí ní Zaria, a ó ní kí wọ́n rà á wá láti Kaduna. Mo ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí ilẹ̀ ilé wa, láti yàrá dé pálọ̀ dé ìta, mo sì fa irú rẹ̀ sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ló ń rán ọrùn súẹ́tà níbẹ̀ ní wákàtí tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi wá ohun tí ìlà wà fún, á ní ìyàwó òun ló ń kọ́ òun ní ijó. Àìsàn náà ń pọ̀ sí i lóòótọ́, bí dókítà ṣe wí. Lọ́dún yìí ó ti ń gbàgbé láti gbé itọ́ mì, ó sì ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà ti kọ́ sùúrù: bí mo bá dá àpárá, mo máa ń gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń rí ẹ̀rín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú rẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹni yín bá yí padà, ẹ bi í. Ẹ bi í kí ẹ tó bi ọ̀rẹ́, kí ẹ tó bi àgbà, kí ẹ tó lọ lúgọ sẹ́yìn igi. Ojú tí kò rẹ́rìn-ín lè má bínú. Ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí àìsàn yìí kì í jọ àìsàn nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ìdájọ́ mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ dókítà, Alhaji pe àwọn àgbà kan náà àti Sarat sí àgbàlá rẹ̀, ó ní ibi tí mo ti dójú ti ọkọ mi ni mo gbọ́dọ̀ ti bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn. Mo ní, "Mo purọ́ mọ́ ọkọ mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n fún òun lọ́wọ́, mo gba abẹ́ apá rẹ̀ lọ. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn, wọn ò tíì gbọ́ ọ rí.

"Hámzàt," Alhaji wí, "ó tó kí ó sanwó ìtanràn. Sọ ìyà tí o fẹ́ kí a fi jẹ ẹ́."

Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́. Àwọn àgbà ń wo ara wọn, Sarat ti ń fi ìborùn nu ojú, wọ́n rò pé ó ti kọ̀ mí. Èmi nìkan ló ní sùúrù, torí mo ti mọ̀ pé ìdáhùn rẹ̀ ń bọ̀.

"Kò purọ́ tán," Hámzàt wí nígbẹ̀yìn. "Ó ní mo lè rìn, mo sì lè rìn." Ó di ọwọ́ àga mú, ó dìde, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá, ó sì dúró. "Ẹ ní kó yéé kúnlẹ̀. Kó dìde wá na ẹsẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, kó sì máa nà á bẹ́ẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ilé ni mo fẹ́ lọ."

Mo dìde, mo lọ síwájú rẹ̀, mo na ẹsẹ̀.